Búrẹ́dì Bọ́gà Tó Rọ̀: Ẹ Jẹ́ Kó Lẹ̀ Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Bí ẹ bá sọ fún ọlọ́jà ní Ìdúmọ̀tà pé bọ́ǹsì lẹ fẹ́ rà, èyí tí wọ́n dín nínú òróró ni yóò kó fún yín, èyí tó le lára, tó kì nínú, tí wọ́n tò sínú àpótí onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọfupọ́ọ̀fù. Bọ́ǹsì yẹn dára láyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ là ń wí. Búrẹ́dì róbótó là ń wí, èyí tí orí rẹ̀ ń dán, tí inú rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú, tí a máa ń là sí méjì láti fi ẹran tàbí ẹja há a láàárín. Búrẹ́dì bọ́gà ni mo máa pè é jálẹ̀ orí yìí, kí ẹni tó rán ọmọ lọ́jà má bàa gba ohun tí kò rán an.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, àsìkò ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni. Mo fẹ́ fi ya àwọn ará ilé lẹ́nu nígbà ìṣínu. Mo da omi sí ìyẹ̀fun bí ìwé ṣe wí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, ó lẹ̀ mọ́ mi ní gbogbo ìka. Ẹ̀rù bà mí. Mo bu ìyẹ̀fun kún un. Ó tún lẹ̀, mo tún bù kún un. Nígbà tí mo fi máa bù ú lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti dá dúró gbọnin, ọwọ́ mi mọ́ tónítóní, inú mi sì dùn pé mo ti mọ iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, eyín ò fẹ́ẹ̀ ran wọ́n. Àwọn ọmọdé ń kì í bọ inú tíì kí wọ́n tó lè gé e jẹ. Ìyá àgbà kan nínú àgbàlá wa, tó ti ta búrẹ́dì nígbà èwe rẹ̀, mú ẹyọ kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ní òùngbẹ ni mo fi pa á.

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo orí yìí dúró lé. Omi ló ń mú búrẹ́dì rọ̀. Bọ́tà ń ràn án lọ́wọ́, mílíìkì ń ràn án lọ́wọ́, ṣúgà náà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí omi ò bá tó, owó tí ẹ ná lórí àwọn yòókù ti ṣòfò. Omi tó tó kì í sì í ṣàì mú ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè fara da kó lẹ̀, kò lè jẹ ẹ́ ní rírọ̀.

Orúkọ rẹ̀, àti bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀. Àwọn àgbà kan wà tí wọn kò jẹ́ fẹnu kan hambọ́gà nítorí pé wọ́n gbọ́ “ham” níwájú orúkọ rẹ̀, ìyẹn sì ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ìlú ni, ìlú Hamburg ní Jámánì. Ẹran màlúù lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀ àfi bí ẹni tó sè é bá dìídì fi sí i. Ní ti búrẹ́dì tí a fẹ́ ṣe yìí, ìyẹ̀fun, mílíìkì, ẹyin àti bọ́tà ni. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ gbé e fún bàbá àgbà.

Ní 1921, ní ìlú Wichita ní Amẹ́ríkà, Walter Anderson àti Billy Ingram dá ilé oúnjẹ White Castle sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ bọ́gà di ohun tí gbogbo ayé ń rà jẹ. Ní ọdún kan náà, lódìkejì ọ̀sà sí wa ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ọmọ Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì. Iṣẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá sí Nàìjíríà ní 1913. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Òun ni wọ́n gbà pé ó mú ẹ̀rọ onírin gbọọrọ méjì wọ ilẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n máa ń ki ìyẹ̀fun pípò sáàárín wọn, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á ká a, tí wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, títí á fi máa dán. Ẹ̀rọ yẹn ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì Agége máa fà bí ẹ bá ń ya á. A kò ní in nílé. Àtẹ́lẹwọ́ wa ló máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ díẹ̀ lórí pípò tí a bá débẹ̀.

Bọ́gà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà sí Erékùṣù Èkó, ní Mr Bigg's la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n ṣí ní Marina ní 1986. Ṣùgbọ́n kí bọ́gà tó dé, búrẹ́dì àti àkàrà ti wà. Ẹni tó bá la búrẹ́dì, tó fi àkàrà gbígbóná mẹ́ta há a láàárín, tó tẹ̀ ẹ́ pa kí òróró lè ràn mọ́ ọn, kí ló ń jẹ bí kì í bá ṣe bọ́gà? Èmi kò gbà pé àjèjì ni oúnjẹ yìí sí wa.

Ohun tí ẹ máa rà

Ọjà Òkè Àrín ni mo máa ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àpò ìyẹ̀fun tà fún ẹni tí kò lágbára odidi. Ẹ lọ láàárọ̀ kí èrò tó dí ọ̀nà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníyẹ̀fun, ẹ má kàn ní ìyẹ̀fun lẹ fẹ́. Ẹ ní ti búrẹ́dì. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì wà, ó funfun, ó kúnná, kò sì lágbára. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú púrótéènì àlìkámà: ti búrẹ́dì máa ń ní tó bíi 11 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ti kéèkì kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí omi bá kan púrótéènì yìí tí ọwọ́ sì pò ó, ó máa ń di okùn tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń fà, okùn náà ló sì ń di afẹ́fẹ́ mú nínú búrẹ́dì. Láti 1962 ni Flour Mills of Nigeria ti ń lọ àlìkámà ní Àpápá, nítorí náà ìyẹ̀fun tó dára kò jìnnà sí wa. Kí ẹ sáà ti béèrè èyí tó tọ́.

Kóńgò ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyá kan á wọn kóńgò tirẹ̀ kó ga bí òkè, èkejì á fi ọwọ́ nù ún kó tẹ́jú, ẹ̀kẹta ti tẹ ìdí kóńgò tirẹ̀ wọlé. Oúnjẹ tí kò ṣe wẹ́kú bí ẹ̀bà lè gba irú ìyẹn, búrẹ́dì kì í gbà á. Ẹ ra síkéèlì kékeré oníbátìrì tí wọ́n ń lò nílé ìdáná. Nínú gbogbo ohun tí mo ra fún iṣẹ́ yìí, òun nìkan ni mi ò kábàámọ̀ owó rẹ̀ rí.

Íìsì náà gba ìṣọ́ra. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pe búrẹ́dì ní àkàrà, wọ́n sì pe ohun tó ń mú un wú ní ìwúkàrà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju íìsì lọ, nítorí ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Ohun abẹ̀mí ni, ó ń jẹ ṣúgà, ó ń mí afẹ́fẹ́ jáde, ooru tó pọ̀ jù sì ń pa á. Èyí tí wọ́n pọ́n sínú ọ̀rá tín-ín-rín, tó ti wà nínú oòrùn lórí àtẹ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè ti kú. Ẹ ra èyí tó wà nínú páálí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì já. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ bu ṣíbí kékeré kan sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àbọ̀ ife pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò tíì hó lójú, ẹ dà á nù.

Àwọn kan á gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra ìyẹ̀fun funfun kan tí àwọn oníbúrẹ́dì ń fi sí i kó lè wú gan-an. Ẹ bi wọ́n bóyá brómeètì wà nínú rẹ̀. Brómeètì ń fún okùn inú ìyẹ̀fun lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn náà, NAFDAC sì ti fòfin dè é nínú búrẹ́dì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe mẹ́wàá fún àwọn ọmọ yín, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àsìkò àti omi á ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Fún búrẹ́dì bọ́gà mẹ́wàá, ẹ wọn ìyẹ̀fun gíráàmù 500, kí ẹ ya 30 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wọn ṣúgà gíráàmù 50, iyọ̀ gíráàmù 9, íìsì gíráàmù 7, mílíìkì oníyẹ̀fun gíráàmù 30, bọ́tà gíráàmù 50 àti ẹyin kan. Omi tí ẹ máa lò jẹ́ mílílítà 300, ẹ pín in sí méjì ọgbọọgba. Ẹ tún nílò ẹyin kan sí i fún kíkùn lójú, àti ẹ̀kún ọwọ́ yànmọ̀tí bí ẹ bá fẹ́. Omi inú ọ̀rá ni mo máa ń lò. Omi kànga ọ̀pọ̀ ilé ní Erékùṣù máa ń ní iyọ̀ nínú nítorí ọ̀sà tó yí wa ká, iyọ̀ tí ẹ kò wọ̀n sì lè fa íìsì sẹ́yìn.

Ẹ fi ìyẹ̀fun ro ẹ̀kọ

Èyí ni àṣírí tó ṣe mí láǹfààní jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn ará Jàpáàn àti Ṣáínà ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tó jẹ́ pé ìyá mi ń ṣe ohun tó jọ ọ́ níwájú mi láràárọ̀. Ẹ da ìyẹ̀fun gíráàmù 30 tí ẹ yà sọ́tọ̀ sínú ìkòkò kékeré, ẹ da omi mílílítà 150 sí i, ẹ rò ó pọ̀ kó má ní kókó, kí ẹ wá gbé e ka iná tó rọra ń jó. Ẹ máa rò ó láìdúró. Fún ìṣẹ́jú méjì á ṣe bí ẹni pé kò fẹ́ ṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà á ki lẹ́ẹ̀kan náà bí ògì ṣe máa ń ki. Bí ẹ bá fa ṣíbí kọjá nínú rẹ̀ tí ojú ọ̀nà rẹ̀ kò pa dé kíákíá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ògì tútù tí ẹ bá gbé sílẹ̀, omi á lékè, ògì á sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti kàn án tó di ẹ̀kọ, omi kò tún yà mọ́, ẹ̀kọ ti gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyẹ̀fun àlìkámà ń ṣe tí ooru rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi dígíríì 65: á mu omi tó pọ̀ gan-an ju èyí tó lè mu ní tútù, á sì dì í mú títí búrẹ́dì fi jinná, àní di ọjọ́ kejì pàápàá. Nípa bẹ́ẹ̀ a ti kó omi sínú búrẹ́dì láìjẹ́ pé ó di ọ̀bọ̀rọ́ lọ́wọ́ wa. Búrẹ́dì tí mo ṣe láìsí ẹ̀kọ yìí máa ń gan ní ọjọ́ kejì. Èyí tó ní in ṣì máa ń rọ̀.

Ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ má kánjú, nítorí ẹ̀kọ gbígbóná á pa íìsì.

Pípò

Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ omi tó kù, mílílítà 150, kí omi náà jẹ́ èyí tó tutù láti inú fìríìjì. Ìwé òyìnbó á sọ fún yín pé kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òtútù ń mú òyìnbó nínú ilé ìdáná tirẹ̀. Ní ti wa, ilé sún mọ́ ilé, atẹ́gùn kò ráyè, sítóòfù ń jó, ìyẹ̀fun inú ike pàápàá ti gbóná kí a tó ṣí i. Pípò náà á tún fi ooru tirẹ̀ kún un. Omi tútù ló máa jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ẹ da ìyẹ̀fun tó kù, ṣúgà àti íìsì sínú àwo fífẹ̀, kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Ẹ da ẹ̀kọ, mílíìkì àti ẹyin kan sí i. Iyọ̀ àti bọ́tà ṣì máa dúró ná. Ẹ fi ọwọ́ kan dà á pọ̀ títí kò fi ní sí ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́. Á burú lójú. Á lẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ lọ jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn, omi ń wọ inú ìyẹ̀fun, okùn tí mo sọ níṣàájú sì ń so ara rẹ̀ pọ̀ láìsí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá padà dé, ẹ máa rí i pé ó ti fara balẹ̀ ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wọ́n iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ dà á sórí tábìlì. Ẹ má fi ìyẹ̀fun sórí tábìlì náà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ń wá ibi tí ike ìyẹ̀fun wà. Ẹ gbé ike náà kúrò nítòsí, ẹ gbé àwo omi kékeré sípò rẹ̀. Bó bá lẹ̀ jù, ẹ fi ọwọ́ kan omi. Ẹ gbá a mú láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé e sókè, ẹ sọ ọ́ lu tábìlì, kí ẹ ká èyí tó kù lọ́wọ́ yín bò ó. Ẹ yí i, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fọ aṣọ, tí wọ́n á gbá a, tí wọ́n á ká a. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ máa rò pé mo tàn yín jẹ. Ní ìṣẹ́jú kẹfà tàbí ìkeje, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi tábìlì sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ wá fi bọ́tà sí i ní díẹ̀díẹ̀, kó ti rọ̀ ṣùgbọ́n kó má yọ́. Gbogbo rẹ̀ á tún bàjẹ́ lójú yín, á máa yọ̀, á máa já. Ẹ má dáwọ́ dúró. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ, á mu bọ́tà náà tán, ara rẹ̀ á sì máa dán. Ẹ já díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹyin ẹyẹlé, ẹ fi ìka mẹ́rin fà á jẹ́jẹ́ síwájú iná. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀rá, tí ìmọ́lẹ̀ hàn kọjá nínú rẹ̀ kó tó ya, ó ti tó. Bó bá já ní kíá, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i. Á ṣì máa lẹ̀ díẹ̀ mọ́ ìka. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ojú ìyẹ̀fun, kì í ṣe ojú agogo

Ẹ fi òróró ra àwo, ẹ gbé e sínú rẹ̀, ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin bò ó. Ìwé á ní kí ẹ dúró fún wákàtí kan àbọ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní oṣù Máàṣì, ó ti wú ní ìlọ́po méjì lójú mi rí láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ní àsìkò òjò tàbí nígbà ọyẹ́, ó lè gba wákàtí kan ó lé. Ẹ fi ìka tó kan ìyẹ̀fun díẹ̀ gún un: bí ihò náà bá rọra ń pa dé ṣùgbọ́n tí kò pa dé tán, àsìkò ti tó. Bó bá ta padà kíá, ẹ fún un ní àyè sí i. Bó bá sì rì, tó ń rùn bí ẹmu àná, ó ti pẹ́ jù. Íìsì ti jẹ ṣúgà tán, okùn inú rẹ̀ sì ti rẹ̀.

Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n ní gíráàmù 95 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó etí rẹ̀ jọ sí abẹ́ bí ẹni ń di owó sí ìdí ìró, kí ẹ dojú ìdí náà bo tábìlì, kí ẹ ká àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni fẹ́ mú adìyẹ kékeré, kí ẹ máa yí i po títí orí rẹ̀ á fi na dáadáa. Orí tó na ló ń wú sókè. Èyí tí orí rẹ̀ bá rọ̀ jẹ̀wẹ̀lẹ̀ á wú sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá yí gbogbo rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó sinmi, á máa sún padà ni, ẹ ó sì máa bá a jà.

Ẹ tò wọ́n sórí tírè tí ẹ ti fi bọ́tà pa, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó ìka méjì. Bí wọ́n bá wú, etí wọn á kan ara wọn, ibi tó sì kan ara wọn yẹn ni kì í ní èèpo, tó máa ń rọ̀ jù. Ẹ bò wọ́n. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sábà máa ń tó ní tiwa níbí. Ẹ tan ófìnì nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ lu ẹyin kejì pẹ̀lú ṣíbí mílíìkì kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ kùn wọ́n lórí jẹ́jẹ́, kí ẹ má tẹ̀ wọ́n. Yànmọ̀tí ni wọ́n máa ń wọ́n sí i lórí. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta tùràrí àti èròjà lẹ ti máa rí i, wọ́n ń pè é ní rídì. Ẹ ṣà á dáadáa, òkúta wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀.

Iná

Dígíríì 190 ni ófìnì, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá sí mẹ́tàdínlógún. Ófìnì onígáàsì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní, ìsàlẹ̀ nìkan ló ti ń jó, nítorí náà ìdí búrẹ́dì máa ń dúdú kí orí tó pọ́n. Ẹ gbé tírè méjì lé ara wọn, kí ẹ sì gbé e sí àárín òkè. Ẹ ra tẹ́mómítà kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ inú ófìnì, nítorí nọ́ńbà tó wà níbi tí ẹ ti ń yí iná rẹ̀ lè má bá ooru inú rẹ̀ mu rárá. Bí ẹ bá ní èyí tí wọ́n ń gún bọ inú oúnjẹ, dígíríì 90 láàárín búrẹ́dì ti tó. Ẹ má dúró dìgbà tó bá pọ́n bíi búrẹ́dì ìta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àpọ̀jù lè gba gbogbo omi tí ẹ ti fi sùúrù kó sínú rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ófìnì, kó má pa ìwé dé. Ìkòkò ńlá tó nípọn, yanrìn tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ ti yan gbẹ, kó ga tó ìka méjì nínú rẹ̀. Ẹ gbé agolo pẹlẹbẹ mẹ́ta sórí yanrìn náà kí páànù má bàa kàn án. Ẹ dé e, ẹ gbé e ka iná tó mọ níwọ̀n fún ogún ìṣẹ́jú kí búrẹ́dì tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá gbé búrẹ́dì wọ inú rẹ̀, ẹ kó ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ọmọrí rẹ̀: iná lókè, iná nísàlẹ̀. Láìsí ti òkè yẹn, búrẹ́dì á jinná ṣùgbọ́n á funfun bí ojú ẹni tí ẹ̀rù bà. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè gba ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Àwọn tó kù, ẹ gbé wọn sínú fìríìjì kí wọ́n má bàa wú kọjá ààlà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ èédú yìí, bí òjò bá tiẹ̀ ń rọ̀, ẹ dúró kó dá. Èéfín èédú nínú yàrá tí a ti pa dé máa ń pani láìjẹ́ kí a gbọ́ òórùn kankan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìyẹn dán an wò.

Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ fi bọ́tà díẹ̀ pa orí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ooru tó ń tú jáde lára rẹ̀ á padà sí èèpo rẹ̀, èèpo náà á sì rọ̀. Ẹ má là á ní gbígbóná. Ó ṣòro, mo mọ̀, pàápàá tí òórùn rẹ̀ bá ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ àgbàlá sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá kàn án kó tó tutù, inú rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀bà. Ẹ fún un ní ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹran tí ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ ju búrẹ́dì lọ díẹ̀ kí ẹ tó dín in, nítorí á sún kì. Ẹja tí ẹ dín gbẹ náà dára. Ní àárọ̀ Sátidé, àkàrà ni tèmi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi nǹkan kan há a láàárín, ẹ yan inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan lórí páànù gbígbẹ, kí òróró má bàa wọ̀ ọ́ títí táá fi já lọ́wọ́ yín.

Èyí tó bá kù, ẹ dúró kó tutù tán kí ẹ tó fi ọ̀rá wé e. Bí ooru bá wà lára rẹ̀, á bu. Ọjọ́ méjì ni mo máa ń gbà fún un lórí tábìlì, nítorí ọ̀rinrin Èkó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú firísà ni. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ gbé e sórí ajọ̀ lókè omi híhó fún ìṣẹ́jú méjì, á tún rọ̀ bíi ti àná. Èyí tó bá gan kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ yan án gbẹ, kí ẹ gún un, òun lẹ máa fi bo ẹja kí ẹ tó dín in.